Gíláàsì tó ń bò yín lọ́sàn-án, tó ń tú yín síta lálẹ́

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé wa ní Baṣìrì, Adó-Èkìtì. Nítorí pé ilé náà sún mọ́ títì, gíláàsì tó ń dán bíi jígí la fi sí gbogbo wíńdò. Lọ́sàn-án, ẹni tó bá dúró níta kò lè rí wa, ojú ara rẹ̀ ló ń rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí a tan iná, ìyàwó àbúrò mi dúró lẹ́nu géètì, ó sì ka gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì wa fún mi. Àwa tó wà nínú ilé kò rí nǹkan kan níta, àfi àwòrán ara wa. Ọkọ mi ní àwọn tó ṣe wíńdò ló fi ẹ̀yìn gíláàsì síwájú. Àwọn náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló tọ̀nà? Kí la sì lè ṣe sí i? Nǹkan kan tún wà: àwọn wíńdò yìí máa ń gbóná tí a bá fọwọ́ kàn wọ́n lọ́sàn-án." — Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ kú oríire. Ilé náà á tura fún tọkọtìyàwó àti tọmọtọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn tó ṣe wíńdò yín láre. Bí wọ́n bá tú gbogbo gíláàsì náà lónìí, tí wọ́n yí i padà, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó dúró lẹ́nu géètì á ṣì máa rí abọ́ ọbẹ̀ yín. Gíláàsì kò mọ inú ilé yàtọ̀ sí ìta. Bó bá jẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó wọlé láti ìta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá náà ló máa jẹ́ kó jáde láti inú. Ohun kan ṣoṣo tí yíyí i padà lè yí ni bó ṣe ń dán tó. Tí àwọ̀ dúdú inú gíláàsì bá wà láàárín ojú ẹni àti ibi tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tó sì ń bọ̀ á gba inú dúdú yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, dídán náà á sì dín. Ṣùgbọ́n iye tó ń kọjá kò ní yí. Kò sí gíláàsì wíńdò kan lọ́jà tó ń gba ojú láyè lápá kan kó sì dí i lápá kejì, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ohunkóhun, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tó lè bá lọ. Nǹkan náà lè dá a padà, ó lè jẹ́ kó kọjá, ó sì lè gbé e mì. Tí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, iye tó wá náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Kò ní lé, kò ní dín. Gíláàsì funfun lásán máa ń dá nǹkan bí ìdá 8 padà nínú 100, 4 ní ojú tó kọ́kọ́ kàn, 4 mìíràn ní ojú kejì, tó bá fẹ́ jáde. Èyí tó kù, bóyá ni kò fi ní kọjá tán. Tiyín yàtọ̀ nítorí pé wọ́n fi irin tàbí ohun tí wọ́n fi irin ṣe kùn ún, ìkùn kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkùn yìí ló ń dá púpọ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní gíláàsì yín ń dá 30 padà nínú 100, tó ń gbé 40 mì, tó ń jẹ́ kí 30 kọjá. Oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, iye tiyín lè ju èyí lọ tàbí kó dín, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà kan náà ni. Ìwọ̀n tí a fi ń ka ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan là ń pè ní lux. Oòrùn ọ̀sán gangan ní gbangba máa ń tó 100,000 lux. Ká ní èyí tó ń ti ara títì, fẹ́ǹsì àti àwọn tó ń kọjá wá kan gíláàsì yín jẹ́ 20,000, kí ti inú pálọ̀ yín tí ẹ kò tan iná sí sì jẹ́ 200. Ẹni tó wà níta á gba 30 nínú 100 ti 20,000 tó padà sí i lójú. 6,000 nìyẹn. Láti inú ilé yín, 30 nínú 100 ti 200 ló máa jáde sí i. 60 nìyẹn. Ojú rẹ̀ gba méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 60 yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́: ohùn náà kò sọnù, etí ni kò lè yà á sọ́tọ̀.

Lálẹ́ ńkọ́? Títì tí kò sí iná lè má tó 1 lux. Òṣùpá àrànmọ́jú pàápàá kò tó ìdajì lux. Pálọ̀ yín tí gílóòbù ń tàn sí lè tó 150. Ẹni tó wà níta á gba 45 láti ọ̀dọ̀ yín, á sì gba 0.3 tó jẹ́ àwòrán ìta. Ẹ ti rí i, tiyín fi ìlọ́po 150 borí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé, ìṣirò kan náà ni, ó kàn yí ojú padà sí yín ni: 45 tó ti ara yín lọ kan gíláàsì ń padà wá bá yín, 0.3 péré ló ń ti títì wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ara yín, tí ẹ kò sì rí wọn. Yàrá tí àwọn ọlọ́pàá ti ń wo ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè, tí ẹni náà kò sì rí wọn, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n á tan iná sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tiwọn ṣókùnkùn. Tí ẹnì kan bá ṣèèṣì tan iná ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, gbogbo rẹ̀ tú nìyẹn.

Ẹ lè dán an wò lọ́sàn-án láìná kọ́bọ̀. Ẹ bọ́ síta, ẹ fi iwájú orí kan gíláàsì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká ẹ̀gbẹ́ ojú yín kí ìmọ́lẹ̀ ìta má baà ráyè dé ibi tí ẹ ń wò. Ẹ ó rí àga yín kedere. Nítorí náà, lọ́sàn-án pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ yọjú á ríran. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ní ti yàrá tí àwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Kí ló tilẹ̀ dé tí ohun tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lásán, tí wọn kò kùn rárá, fi ń dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà? Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, nítorí pé ó ń tú ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń rí lójoojúmọ́. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń sá nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá wọ inú omi, eré rẹ̀ á dín sí nǹkan bí 225,000. Nínú gíláàsì, á tó 200,000. Níbikíbi tí eré yìí bá ti yí padà lójijì, ní ààlà nǹkan méjì, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà á padà. Bí ìyàtọ̀ eré náà bá ṣe tó ni iye tó padà á ṣe tó: 4 nínú 100 láti afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, 2 péré láti afẹ́fẹ́ sí omi, nígbà tí a bá wò ó lóòró. Augustin Fresnel, ará Faransé kan, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ yanjú ní nǹkan bí 1823. Àbájáde rẹ̀ kan ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń dagun sí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń padà á ṣe máa pọ̀ sí i. Ẹ dúró sí etí odò, ẹ wo ẹsẹ̀ ara yín, ẹ ó rí òkúta ìsàlẹ̀. Ẹ gbójú sókè wo òdìkejì, ojú ọ̀run àti igi ni ẹ ó máa rí lórí omi kan náà.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá dagun wọlé kì í tẹ̀ lé ọ̀nà tó ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò yà. Òfin bó ṣe ń yà ni à ń so mọ́ orúkọ Willebrord Snell, ará Netherlands, tó rí i ní 1621, ṣùgbọ́n Ibn Sahl, onímọ̀ ìṣirò kan, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Baghdad láti nǹkan bí ọdún 984. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó ọmọ lọ wo omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: yíyà yìí ń jẹ́ kí omi jọ èyí tí kò jìn. Tí a bá wo omi láti òkè tààrà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jíjìn rẹ̀ ni ojú ń rí. Ibi tó bá jọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mẹ́rin ni. Tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìtànjẹ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí omi mẹ́ta kò lè mù, mẹ́rin lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú wọn omi. Igi ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́.

Níbi omi Àrìnta yẹn kan náà, ẹ wo bó ṣe funfun níbi tó ti ń já bọ́ láti orí òkúta. Tí ẹ bá bu ú sínú ife, kò ní àwọ̀ kankan. Kò sí ohun tí wọ́n dà sí i. Bó ṣe ń já, ó ń fọ́ sí ẹ̀kán àti fóòmù, afẹ́fẹ́ àti omi wá ní ààlà àìlóǹkà láàárín ara wọn. Ìdá 2 níhìn-ín, ìdá 2 lọ́hùn-ún, títí ìmọ́lẹ̀ fi padà sí gbogbo ọ̀nà láìyan àwọ̀ kan ju àwọ̀ kan lọ. Ohun tí ojú wa sì ń rí ní funfun nìyẹn. Iyọ̀, ṣúgà, àti gíláàsì tó bá fọ́ kúnná, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ ti rí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà gbígbóná rí? Níbi tí òróró bá ti mu ún, ẹ lè ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé funfun nítorí pé fọ́nrán igi ni, àlàfo tó kún fún afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn. Òróró lé afẹ́fẹ́ náà jáde. Eré ìmọ́lẹ̀ nínú òróró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú eré rẹ̀ nínú fọ́nrán náà, ààlà pa rẹ́, kò sí ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́, ló bá kọjá. Ilẹ̀ pupa wa nílẹ̀ Èkìtì tó máa ń dúdú sí i lẹ́yìn òjò, apá kan nínú ìdí rẹ̀ nìyí: omi wọ àlàfo tó wà láàárín erùpẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wá ń wọlé jìn ju bó ṣe ń padà lọ, erùpẹ̀ sì ń gbé e mì.

Mo mú èyí wá nítorí ilé ìwẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi gíláàsì tí wọ́n fi yanrìn họ lójú síbẹ̀, èyí tó funfun tí a kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe rí họ́họ́ yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Tí omi bá bo ojú họ́họ́ náà, yóò dí àwọn kòtò wẹ́wẹ́ rẹ̀, gíláàsì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara, àti nígbà tí ènìyàn ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni. Tí ẹ bá ti fi irú rẹ̀ sí i, ẹ wo ojú tó kọ sí ibi tí omi ń ta sí. Kí ojú tó dán wà níbẹ̀, kí họ́họ́ kọ síta lábẹ́ ìbòrí òrùlé. Gíláàsì tí wọ́n tẹ àwòrán gbìgbágbìgbá sí lára sàn ju èyí lọ fún ilé ìwẹ̀, nítorí omi díẹ̀ kò lè dí kòtò tirẹ̀.

Ti gbígbóná tí ẹ béèrè, ẹ rántí ìdá 40 tí a ní gíláàsì gbé mì. Ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan bá gbé mì kì í ṣòfò, ooru ló ń dà. Láti mọ ìdí tí nǹkan kan fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì tí òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a ní láti wo ẹlẹ́tíróònù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó wà nínú gbogbo nǹkan. Nínú gíláàsì funfun, ẹlẹ́tíróònù dúró gírígírí sí ipò wọn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kò sì lágbára tó láti gbé wọn kúrò níbẹ̀. Nítorí náà wọn kò lè gbé e mì, ó kọjá lọ. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, èyí tó ń sun ara jù, lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíláàsì wíńdò sì ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Èyí tí kò le tó o ṣì ń kọjá, òun wà lára ohun tó ń mú kọ́tìnì ṣá. Nínú irin, ẹlẹ́tíróònù kan wà tó ń rìn fàlàlà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn wọ́n ni wọ́n ń gbọ̀n, tí wọ́n sì ń ta á padà. Ìyẹn ló mú kí páànù tuntun máa kọ mànà lójú. Tó bá dípẹtà, irin ojú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn tí kò ní ẹlẹ́tíróònù tó ń rìn fàlàlà mọ́, á wá máa gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù mì, á sì ku pupa rẹ́súrẹ́sú tí a ń rí lórí òrùlé àtijọ́ tí a bá gun òkè wo Adó.

Gíláàsì tí wọ́n po àwọ̀ dúdú mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é ń gbé oòrùn mì, yóò gbóná, yóò sì pín ooru náà sí ìta àti sí inú pálọ̀ yín. Gíláàsì tó ń dán ń dá apá kan padà kó tó di ooru rárá. Tiyín ń ṣe méjèèjì. Nítorí náà, pé ó gbóná lọ́wọ́ kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Ó gba apá kan nínú oòrùn tí ìbá wọ inú yàrá yín ni. Ohun tó máa mú ilé yín tutù jù ni pé kí oòrùn má tilẹ̀ dé ojú gíláàsì. Òrùlé tó yọ síta dáadáa tàbí igi tí ẹ gbìn sí apá ìwọ̀-oòrùn á ṣe é ju àwọ̀ dúdú lọ.

Kí ẹ wá ṣe kí ni nípa alẹ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta rọ́bà dúdú mìíràn fún yín láti lẹ̀ mọ́ ọn. Yóò dín ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yín kù, ẹ ó máa tan iná ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, síbẹ̀ ní alẹ́, ẹni tó wà lókùnkùn á ṣì máa rí yín, nítorí kò sí ohun mìíràn tó ń bá ìmọ́lẹ̀ yín du ojú rẹ̀. Kọ́tìnì ni òògùn rẹ̀, kó sì nípọn. Lẹ́ẹ̀sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan kò lè gbà yín: lálẹ́, ihò inú rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà tí gíláàsì yín ń ṣe. Ẹ fi lẹ́ẹ̀sì síwájú fún ọ̀sán, kí ẹ so aṣọ tó wúwo sẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ ó máa fà pọ̀ kí ẹ tó tan iná. Ẹ dì í mú dé etí ògiri lápá méjèèjì, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni ojú ti ń wọlé jù.

Àwọn kan máa ń tan iná sí ògiri fẹ́ǹsì tó kọjú sí wíńdò kí ìta lè mọ́lẹ̀ ju inú lọ. Ó ń ṣiṣẹ́, ìṣirò tí a ṣe lókè kò ta kò ó, ṣùgbọ́n iná náà ní láti pọ̀. Tí wọ́n bá sì mú iná ìjọba lọ, tí ẹ tan àtùpà oníbátìrì nínú ilé, ìta á ṣókùnkùn, àwọn ọmọ á sì jókòó sínú ìmọ́lẹ̀. Tí ẹ bá máa gbé iná síta nítorí ààbò, ẹ gbé e, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ ṣí kọ́tìnì sílẹ̀.

Tábìlì oúnjẹ yín ńkọ́? Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e kúrò ní iwájú wíńdò títì, kí gílóòbù tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ èyí tó ní ìbòrí tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀. Kí ọkọ yín sì pe àwọn tó ṣe wíńdò yẹn, kó bá wọn sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí ìwé owó wọn bá ṣì kù tí ẹ fi dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ san án fún wọn.